Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ìlera ní ilẹ̀ Okun

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni èso aládùn tí ó máa ń so ní ìdì lára irúgbìn tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Musa. Ní ilẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, níbi tí Kabba ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó gbajúmọ̀ jù, èso yìí wà lára ohun tí àwọn ènìyàn fi ń pa ebi ọ̀sán, tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ oúnjẹ jẹ, tí wọ́n sì máa ń rà lọ kí aláìsàn. Àǹfààní rẹ̀ fún ara kò kéré. Síbẹ̀, díẹ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa rẹ̀ kọjá ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì wà tí ó yẹ kí wọ́n fi ìwọ̀n jẹ ẹ́.

Orúkọ àti irú rẹ̀

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà "ọ̀gẹ̀dẹ̀" kó oríṣi méjì pọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni èyí tí ó gùn tí ó sì tóbi, tí a máa ń sè, tí a ń dín ní dòdò, tí a ń sun ní bọ̀ọ̀lì, tí a sì ń sá gbẹ kí a tó lọ̀ ọ́ ní ẹ̀lùbọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ni èyí tí a máa ń bó jẹ ní tútù bí ó bá ti pọ́n. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni àwọn méjèèjì: láti ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbẹ́ méjì, Musa acuminata àti Musa balbisiana, ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú irú tí a ń jẹ lónìí ti ṣẹ̀ wá.

Bí a tilẹ̀ ń pè é ní igi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi. Ìdí ewé tí ó wé mọ́ ara wọn ni ohun tí ó dà bí ìtì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àdá fi ń gé e lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìtì kọ̀ọ̀kan ń so. Lẹ́yìn náà ni yóò kú, tí àwọn ọmọ tí ó hù ní ìdí rẹ̀ yóò sì rọ́pò rẹ̀. Gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà àti erékùṣù New Guinea ni ìbílẹ̀ rẹ̀. Ní Kuk, ní New Guinea, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àmì pé àwọn ènìyàn ti ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn. Kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Pọtogí tó dé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ó ti wà ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ilẹ̀ Okun

Àwọn ènìyàn Okun ni àwọn Owé tí wọ́n wà ní Kabba, àwọn Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkíni tí ó wọ́pọ̀ láàárín wọn ni a fi sọ wọ́n lórúkọ. Wọ́n wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara títí di ọjọ́ 27 Oṣù Kẹjọ ọdún 1991, nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀.

Ibi tí ilẹ̀ igbó ti ń pàdé ilẹ̀ ọ̀dàn ni Kabba wà. Òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí Oṣù Kẹrin sí Oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ yóò gbòde. Ohun tí ó fẹ́ràn omi ni ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo oko ni ó ti ń ṣe dáadáa níbẹ̀ bí ó ti ń ṣe ní ilẹ̀ Oǹdó tàbí ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Etí odò, àbàtà, àti ẹ̀yìn balùwẹ̀ níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí ni àwọn ènìyàn máa ń gbìn ín sí. Níbi tí a ti ń gbin kòkó àti kọfí, pàápàá ní apá Ìjùmú, àwọn àgbẹ̀ máa ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín láti ṣíji bo àwọn igi kékeré títí wọn yóò fi lè dá dúró nínú oòrùn. Ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn wà lára ohun tí a ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní Kabba, èyí tí ó wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ti Zaria fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oríta ni Kabba jẹ́: ọ̀nà kan lọ sí Lọ́kọ́jà, òmíràn gba Ọ̀mùò lọ sí Èkìtì, òmíràn sì gba ilẹ̀ Yàgbà lọ sí Ìlọrin. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ni oúnjẹ tí ó yá jù fún arìnrìn-àjò. Àpapọ̀ tí ó bọ́gbọ́n mu ni, nítorí ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní, ìyẹn prótéènì àti ọ̀rá, ni ẹ̀pà ní lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ̀pà tí ó bá ti bu tàbí tí ó korò ni kò yẹ kí a jẹ, nítorí májèlé tí èbu máa ń mú wá ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀

Nínú 100 gíráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó pọ́n, nǹkan bí 75 gíráàmù ni omi. Ó ní nǹkan bí 89 kálórì, 23 gíráàmù èròjà afúnnilókun (èyí tí 12 nínú rẹ̀ jẹ́ ṣúgà), 2.6 gíráàmù fáíbà, prótéènì tí ó lé díẹ̀ ní gíráàmù 1, àti ọ̀rá tí kò tó ìdajì gíráàmù. Ó ní 358 mílígíráàmù potasíọ́ọ̀mù, 27 mílígíráàmù magnẹ́síọ́ọ̀mù, nǹkan bí mílígíráàmù 9 fáítámì C, àti 0.37 mílígíráàmù fáítámì B6. Fáítámì B6 yìí ni ó yẹ kí a yìn ín fún jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn: ó lé ní ìdá mẹ́rin ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́, ó sì wúlò fún dídá ẹ̀jẹ̀ àti fún iṣẹ́ iṣan ọpọlọ.

Ṣúgà inú rẹ̀ máa ń tètè di agbára fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ alágbára. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n sáré 75 kìlómítà, àwọn tí ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe dáadáa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe nígbà tí wọ́n mu ohun mímu aládùn tí a ṣe fún àwọn eléré ìdárayá. Ẹni tí ó ti ń kọ ebè láti òwúrọ̀ yóò rí irú àǹfààní kan náà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru

Ìwádìí fihàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú àgbàlagbà mẹ́ta ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Níhìn-ín ni a ti ń dárúkọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ jù, nítorí potasíọ́ọ̀mù. Iyọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú ara máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń mú kí agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan rẹ̀ pọ̀ sí i. Potasíọ́ọ̀mù ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti lé sodíọ́ọ̀mù inú iyọ̀ jáde nínú ìtọ̀, ó sì ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ní ọdún 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí àgbàlagbà máa jẹ potasíọ́ọ̀mù tí kò dín ní 3,510 mílígíráàmù lóòjọ́, kí sodíọ́ọ̀mù má sì tó 2,000 mílígíráàmù.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí kò tóbi tí kò sì kéré ní nǹkan bí 420 mílígíráàmù. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni ènìyàn ti fẹ́ rí i, yóò jẹ tó mẹ́jọ lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí ń gbani nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé iṣu, tí ó jẹ́ olórí oúnjẹ ní ilẹ̀ Okun, ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ níbi potasíọ́ọ̀mù: 100 gíráàmù iṣu sísè ní nǹkan bí 670 mílígíráàmù. Ẹ̀wà àti ewébẹ̀ náà ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ń jẹ iṣu àti ẹ̀fọ́ kò ṣàìní potasíọ́ọ̀mù tó bí a ti rò. Ìyọnu rẹ̀ sábà máa ń wà nínú iyọ̀ àti mágì inú ọbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a jẹ lé e kò sì lè pa iyẹn rẹ́. Kò rọ́pò oògùn tí dókítà kọ fún ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó bá dá oògùn dúró nítorí pé ó ń jẹ èso ń fi ara rẹ̀ wewu rọpárọsẹ̀.

Àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa

Kíndìnrín ni ó ń lé potasíọ́ọ̀mù tí ó bá ṣẹ́kù nínú ara jáde. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti dínkù gan-an, potasíọ́ọ̀mù yóò máa kó jọ nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè da lílù ọkàn rú títí ọkàn yóò fi dúró. Nítorí èyí ni dókítà ṣe máa ń dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ kù fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Àwọn oògùn kan tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọkàn, bí lisinopril àti spironolactone, náà máa ń gbé potasíọ́ọ̀mù sókè. Kò burú láti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lé wọn bí kíndìnrín bá dá pé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí dókítà mọ̀ bí ènìyàn bá ń jẹ ẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìkìlọ̀ náà kò mọ sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀: iyán wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gé iṣu sí wẹ́wẹ́, tí a fi omi púpọ̀ sè é, tí a sì da omi náà nù, díẹ̀ nínú potasíọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò bá omi lọ.

Ìfun, àti ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kún fún irú sítáàṣì kan tí kì í dà nínú ìfun kékeré. Yóò dé ìfun ńlá bẹ́ẹ̀, àwọn kòkòrò tí ń ṣe ara lóore níbẹ̀ yóò sì sọ ọ́ di èròjà tí ń bọ́ ògiri ìfun tí ó sì ń jẹ́ kí ó fa omi àti iyọ̀ padà sínú ara. Bí ó bá ti ń pọ́n, sítáàṣì náà ń di ṣúgà.

Ìmọ̀ yìí ni àwọn olùwádìí lò ní Dhaka, ní Bangladesh, nígbà tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sísè kún oúnjẹ àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru wọn ti pẹ́. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fihàn pé ìgbẹ́ àwọn ọmọ náà tètè dá ju ti àwọn tí wọ́n jẹ ìrẹsì lásán lọ. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni àwọn ọmọ wọ̀nyí wà, a sì ń dá omi padà sí wọn lára. Àìtó omi lára ni ó ń pa ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń rà ní ilé oògùn, pẹ̀lú síǹkì fún ọjọ́ 10 sí 14, ni ìtọ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀, kí ọmú má sì dúró. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Kò lè ṣáájú rẹ̀. Bí ojú ọmọ bá ti jìn, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ìtàn kan fihàn bí ó ti rọrùn tó láti yin ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún iṣẹ́ tí kò ṣe. Ní ọdún 1924, Sidney Haas, dókítà ní New York, kéde pé oúnjẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wo àwọn ọmọ tí wọ́n ní àrùn ìfun kan tí ń mú wọn rù hangogo. Òtítọ́ ni pé ara wọn yá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Willem Dicke, dókítà ará Netherlands, fihàn pé àlìkámà ni ó ń fa àrùn náà. Nítorí pé wọn kò jẹ búrẹ́dì mọ́ ni ara àwọn ọmọ Haas fi yá. Àwọn tí wọ́n rò pé àrùn náà ti tán, tí wọ́n padà sídìí búrẹ́dì, ṣe ara wọn níbi.

Fún ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tí a tẹ̀ kúnná jẹ́ oúnjẹ ìbẹ̀rẹ̀ tí ó dára, níwọ̀n bí ọwọ́ tí ó bó o bá mọ́. Òun nìkan kò tó, nítorí kò ní prótéènì àti irin tí ọmọ fi ń dàgbà.

Àtọ̀gbẹ

Kò sí òfin pé alátọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Bí ó ti pọ́n tó àti iye tí a jẹ ni ó ṣe pàtàkì. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n kì í tètè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè bí èyí tí èèpo rẹ̀ ti ní àmì dúdú. Ẹyọ kan tí kò tóbi lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe odidi ọwọ́, ni ó wà ní ìwọ̀n. Àmàlà ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ gbẹ́kẹ̀ lé sàn díẹ̀ ju àwọn òkèlè mìíràn lọ, ṣùgbọ́n èròjà afúnnilókun ni òun náà, òkèlè ńlá sì lè gbé ṣúgà sókè.

Èrò pé ó ń fúnni ní ẹ̀jẹ̀

Ọ̀pọ̀ gbà pé irin ni ó ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú bí a bá bó o sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan nínú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kàn ni ó ń yí àwọ̀ padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ sí iṣu tí a bẹ. Irin inú 100 gíráàmù ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kò tó ìdá mẹ́ta mílígíráàmù kan. Aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó nílò oògùn irin tí a ń fún un ní ilé ìtọ́jú, pẹ̀lú ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́.

Kábáìdì

Èyí tí ó lè sọ èso rere di ewu ni kábáìdì tí àwọn oníṣòwò kan fi ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n lójijì. Ohun tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin ni. Bí omi bá kàn án, yóò tú gáàsì jáde tí ń mú kí èèpo èso pọ́n, ṣùgbọ́n kábáìdì ọjà sábà máa ń ní arsenic àti phosphorus nínú, májèlé sì ni wọ́n. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà pé kò bófin mu láti lò ó fún oúnjẹ. Bí èèpo bá pupa bí ẹyin adìẹ níbi gbogbo láìní àmì dúdú kan, tí ọrùn rẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀, tí inú rẹ̀ le tí kò dùn, ó yẹ kí olùrà fura. Ó dára kí a fi omi ṣan èso náà kí a tó bó o.

Ọ̀nà àdáyébá kò nílò májèlé kankan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó gbó fúnra rẹ̀ ń tú gáàsì tí ń mú un pọ́n jáde. Bí a bá kó o sínú àpò tàbí ìkòkò, tí a fi ẹyọ kan tí ó ti pọ́n sí i, tí a sì bò ó, gáàsì náà kò ní sá lọ, èso yóò sì pọ́n láàárín ọjọ́ mélòó kan.