Píkọ́ọ̀pù Bàbá Àgbà

Ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìgangan, píkọ́ọ̀pù Píjò 504 tí Bàbá àgbà fi ń kó ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí láti oko lọ sí Ayétẹ̀ àti Igbó-Ọrà. Ó ti lé ní ọdún 10 tó ti dákẹ́. Ní ìsinmi tó kọjá, àwọn tó ń ra irin àlòkù wá bi wá pé èló ni. Bàbá mi fẹ́ tà á. Bàbá àgbà ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n wá kọjú sí èmi tí mò ń ka ìtàn ní yunifásítì: kí ni ìwúlò irin tó ti dípẹtà? Mi ò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní 1968. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 1979. Ohun tó sọ ọ́ di ọmọ ilé ni pé ìjọba àpapọ̀ àti Peugeot ti jọ dá ilé-iṣẹ́ tó ń to ọkọ̀ sílẹ̀ ní Kàdúná, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń gbé ìlú rìn. Ọ̀gá ìjọba gùn ún, olùkọ́ gùn ún, awakọ̀ èrò náà gùn ún. Píkọ́ọ̀pù ni ti àgbẹ̀. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ irin tí wọ́n tò léra, wẹ́dà sì lè fi ọ̀kan kún un tí ẹrù bá fẹ́ pọ̀ jù. Kábúrétọ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lò. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ tó máa da mẹkáníìkì abúlé láàmú.

Lẹ́yìn náà ni 1986 dé, tí ìjọba Babangida gbé ètò tí àwọn òbí wa ń pè ní SAP jáde. Ní 1985, dọ́là kan kò tó náírà 1. Nígbà tó di 1987, ó ti tó nǹkan bíi náírà 4. Pátì tí Kàdúná ń kó wá láti òkè òkun wọ́n gógó, àgbẹ̀ kò sì lè ro ti ọkọ̀ tuntun mọ́. Tòkunbọ̀ gbòde. Ṣùgbọ́n 504 ti pọ̀ nílẹ̀ débi pé èyí tó kú ló ń bọ́ èyí tó wà láàyè: ẹ lọ sí Ládípọ̀ ní Mùṣín, tàbí Àràrómi ní Agodi Gate n'Íbàdàn, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe ń tú wọn.

Mo ní kí Bàbá àgbà ka gbogbo ohun tó ti pààrọ̀ fún mi. Ilẹ̀kùn ọ̀tún wá láti ara ọkọ̀ mìíràn tó dojú dé. Àwọ̀ búlúù rẹ̀ ṣì ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà funfun. Gíá bọ́ọ̀sì jẹ́ owó ẹ̀gúsí ọdún kan gbáko. Káfíńtà ló kan pátákó ẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń kan ara bọ̀lẹ̀kájà láyé àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan wá láti ìlú Òyìnbó. Bàbá àgbà kò rántí ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n ó rántí irè oko tó ra pátì kọ̀ọ̀kan.

Bàbá mi náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ní òru 5 mọ́jú 6 Oṣù Kẹfà 2021, àwọn agbébọn kọlu Ìgangan; wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ààfin Aṣígangan, ilé àti ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni kò ti lọ sí oko jíjìn mọ́. "Ẹ fẹ́ tún ọkọ̀ oko ṣe," ló wí, "oko wo?" Mi ò lè pè é ní ọ̀lẹ.

Ohun tó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe ìtàn tí mo kà. Ọ̀gá mẹkáníìkì ló wá, ó yí ẹ́ńjìnnì náà lọ́wọ́, ó sì ní kò tíì gan. A ti ṣe búrékì, nítorí ọkọ̀ tí kò lè dúró kò gbọdọ̀ rìn. Ọ̀dà ni yóò kẹ́yìn. Sípíríǹgì ń dúró de àjọ Màmá mi, tí yóò kàn wọ́n lẹ́yìn oṣù méjì.