Àpáta Inú Ọ̀dẹ̀dẹ̀

Ní ọdún 1964, olùkọ́ eré ìdárayá kan ní Yunifásítì Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Don Robinson, kó òkúta wọ inú ilé ẹ̀kọ́, ó sì mọ wọ́n mọ́ ara ògiri. Kì í ṣe ògiri gbọ̀ngàn ńlá kankan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, ibi tí èèyàn ń gbà kọjá lọ síbòmíràn. Ó fi àwọn ègé òkúta há àárín bíríkì, òmíràn yọ síta díẹ̀, òmíràn kò yọ ju ibi tí orí ìka lè há sí. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n wà fún lè rò pé ọ̀gá bíríkìlà ló mutí wá síbi iṣẹ́.

Ojú ọjọ́ ló fa ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àpáta tí àwọn ará Leeds ń gùn kò jìnnà sí ìlú. Almscliff wà lọ́nà Harrogate, òkúta oníyanrìn líle tí ó ń bó ọwọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n láti oṣù kọkànlá lọ, òjò á ti rin ín gbingbin, otútù á mú un, ilẹ̀ á sì tètè ṣú. Àwọn tó ń gun àpáta nígbà náà kò ní ìmúrasílẹ̀ kankan. Sárésáré ń sá kiri ọ̀nà ní gbogbo ìgbà òtútù, òmùwẹ̀ ń wẹ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n agunpáta a jókòó sí ilé ọtí títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn á fi dé, á wá padà sórí àpáta pẹ̀lú ọwọ́ tó ti dẹ̀. Ohun tí Robinson fẹ́ kò ju pé kí wọ́n ní ibi tí wọ́n á ti fún ìka lókun.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ronú àpáta àtọwọ́dá. Ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti kọ́ ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Schurman Rock kí àwọn ọdún 1930 tó parí, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni ìyẹn wà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Leeds ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti kọ́kọ́ gun ògiri. Ní Cambridge, Geoffrey Winthrop Young ti ṣe ìwé atọ́nà fún àwọn tó ń gun òrùlé Trinity College ní nǹkan bí 1900. Nígbà tó di 1937, ìwé mìíràn jáde níbẹ̀ nípa àwọn tó ń fi òru gun ilé, ẹni tó kọ ọ́ sì fi orúkọ bòńkẹ́lẹ́ bo ara rẹ̀. Ó ní láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí bí ọwọ́ àwọn alákòóso bá tẹ akẹ́kọ̀ọ́ lórí òrùlé, ó di ẹjọ́. Ohun tí Leeds fi yàtọ̀ nìyẹn lójú tèmi: olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló mọ òkúta síbẹ̀, lábẹ́ iná, tí ẹnikẹ́ni lè gùn ún lójú gbogbo ayé.

Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ẹni tó bá dé ìlú wa rí á mọ̀ pé a kì í wá àpáta lọ, òun ló yí wa ká. Síbẹ̀, nígbà tí mo lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òyìnbó, tí òkùnkùn ọ̀sán ibẹ̀ sì fẹ́ sọ mí di aláìsàn, inú ilé eré ìdárayá yunifásítì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ògiri. Wọ́n fún mi ní bàtà rọ́bà tó há mọ́ mi lẹ́sẹ̀ pinpin, mo ní ó kéré, ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó kọ́kọ́ kọ́ wa bí a ṣe ń já bọ́: ká tẹ orúnkún, ká yí sẹ́yìn sórí tìmùtìmù, ká má fi ọwọ́ gbá ilẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ló tó fi wá sídìí ògiri. Gbogbo wa la ń fi apá fa ara wa, tí apá sì ń le gbagidi kí a tó dé àárín. Ó ní, "Ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀ ná, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ yín wà."

Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ adẹ́mu máa ń sọ fún àwa ọmọdé pé ká má wo ọwọ́ òun, ẹsẹ̀ ni ká wò. Igbà tí àwọn adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ló ń gbé ẹ̀yìn wọn dúró. Wọ́n á fẹ̀yìn tì í, apá á nà gbọọrọ láìfi agbára ṣòfò, ẹsẹ̀ á máa ti ara lọ sókè lára ọ̀pẹ. Agunpáta tó mọṣẹ́ náà kì í ká apá kò láìnídìí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Robinson kọ́ni ní èyí ju àwọn ògiri òde òní lọ, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á bá mi jiyàn. Àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀nà wà sókè, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń gbà lọ. Wọ́n á rìn lára ògiri láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, wọ́n á tún padà, láìso okùn. Ibi tí ọwọ́ ń dì mú kéré, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí orí òkè tí èèyàn á dé tí wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un, kìkì pé kó tún un ṣe.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni John Syrett. Ìparí àwọn ọdún 1960 ló wọ Leeds. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti mọ àpáta dáadáa kí wọ́n tó wá lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí oògùn òtútù. Tirẹ̀ yí padà: inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ti di agunpáta, ó ń ṣe é léraléra títí ìka rẹ̀ fi le ju ti àwọn tó ti ń gun àpáta kí ó tó dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1970, ó lọ sí Almscliff, sídìí ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Wall of Horrors. Allan Austin ló kọ́kọ́ gùn ún ní 1961, ẹ̀rù rẹ̀ sì wà lára àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà. Syrett kò fi okùn láti òkè dán an wò ṣáájú. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì gùn ún dé orí.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ògiri inú ilé kò wúlò. Ìdánrawò lórí ògiri di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Leeds ń ṣe láìbéèrè ìdí, ẹgbẹ́ agunpáta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì di olókìkí. Alex MacIntyre, tí òkúta já lù lórí òkè Annapurna tó sì kú ní 1982, wà lára wọn. Robinson fúnra rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń kọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ àti ilé eré ìdárayá káàkiri.

Ìyókù yára. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn ará Faransé gbé ìdìmú aláwọ̀ mèremère jáde, èyí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ pátákó, tí wọ́n lè tú kí wọ́n tún ọ̀nà tò bó ṣe wù wọ́n. Ní 1989, Leeds gba ọ̀kan nínú àwọn ìdíje Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń gun ògiri lálejò, Jerry Moffatt sì borí níbẹ̀. Ní 1991, wọ́n ṣí Foundry, ilé tí wọ́n ti ń gun ògiri, ní Sheffield fún ẹnikẹ́ni tó bá lè san owó ìwọlé. Eré náà wọ Òlíḿpíìkì ní Tokyo ní 2021. Ní Paris ní 2024, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Toby Roberts, gba wúrà lórí ògiri tí kò ní òkúta kan ṣoṣo lára.

Yunifásítì Leeds ṣí ilé eré ìdárayá tuntun, The Edge, ní 2010, ògiri tí wọ́n ń gùn sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí kò lérò àtigun àpáta rárá, èmi kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìka tó le àti ọ̀rẹ́ tó ń di okùn ẹni mú lè tó èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ sí Almscliff ní láti wá àgbà kan tẹ̀ lé, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irin há pàlàpálá òkúta láti di okùn mọ́, bí wọ́n ṣe ń mọ àpáta tó tutù sí gbígbẹ, àti ibi tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Lórí ògiri, ẹlòmíràn ti bá a ṣe gbogbo ìyẹn kó tó dé.