Ìfọ́lé: Ilé Wó, Ìgbàgbọ́ Kò Wó
Nígbàkigbà tí mo bá jókòó nínú Kàtídírà Pétérù Mímọ́, Aké, ní Abẹ́òkúta, ọkàn mi a lọ sí oṣù Ọ̀wàrà 1867. Ìjà Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba òyìnbó l'Ékòó ti le. Orí àwọn onígbàgbọ́ ìlú náà ni àwọn Ẹ̀gbá tó ń bínú ti gba ẹ̀san. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Ìfọ́lé: wọ́n fọ́ ilé ìsìn, wọ́n kó Bíbélì, kódà wọ́n kó agogo. Ẹ̀rọ tó ń tẹ Ìwé Ìròyìn láti 1859 dákẹ́. Àwọn òyìnbó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ di ẹrù wọn, wọ́n lọ tẹ̀dó sí Èbúté Mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tí Glover, gómìnà Èkó, fún wọn. Àwọn mìíràn dúró, wọ́n ń gbàdúrà. Mo júbà wọn tọkàntọkàn: ilé ni àwọn tó kọlù wọ́n rí fọ́, wọn ò rí ìgbàgbọ́ fọ́.