Ogún Tí Ojú Kò Rí

Bí ọmọ olówó bá wọ yunifásítì, tí ọmọ àgbẹ̀ sì já sílẹ̀ lọ́nà, a máa ń sọ pé ìka ò dọ́gba, ọ̀rọ̀ a sì tán. Lójú Pierre Bourdieu, onímọ̀ nípa àwùjọ ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀.

Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Denguin, abúlé kan ní gúúsù Faransé. Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá rẹ̀, èdè ìbílẹ̀ Béarn ni wọ́n sì ń sọ nílé. Ìwé ló gbé e dé École Normale Supérieure ní Paris ní ọdún 1951, láàárín àwọn ọmọ ọ̀mọ̀wé àti ọlọ́lá.

Ní ọdún 1964, òun àti Jean-Claude Passeron tẹ ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Les Héritiers, ìyẹn Àwọn Àrólé. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé àǹfààní ọmọ ọ̀gá àgbà láti wọ yunifásítì tó ìlọ́po 80 ti ọmọ lébìrà oko, ó sì tó ìlọ́po 40 ti ọmọ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́.

Kì í ṣe owó nìkan ló fà á. Ọmọ ọ̀mọ̀wé ti gbọ́ èdè olùkọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kó tó wọ kíláàsì. Ó bá ìwé nílé. Wọ́n ti mú un lọ wo eré orí ìtàgé. Ilé-ìwé ń béèrè nǹkan wọ̀nyí nínú ìdánwò, bẹ́ẹ̀ kò fi wọ́n kọ́ni. Olùkọ́ a wá pe ogún ní làákàyè. Nítorí pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn dáhùn, ẹni tó fìdí rẹmi a gbà pé olódo ni òun.

Àwọn méjèèjì tún ọ̀rọ̀ yìí là yéké nínú La Reproduction ní ọdún 1970. Lọ́dún náà gan-an, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ Faransé, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ohun tí Bourdieu ń bèèrè fún kò ju èyí lọ: kí ilé-ìwé fi ohun tó fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọmọ kọ́ ọ ní gbangba, kó má fi sílẹ̀ fún ilé láti pín. Ìka lè má dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá a kò gé òmíràn kúrú.