Ta Ni Yóò Tọ́jú Àgbà?

Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ òkété náà: ǹjẹ́ ọmú wà ní àyà rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń wí pé ayé ti bàjẹ́, pé àwọn ọmọ ìwòyí kò náání òbí mọ́. Èmi kò wá gbè sẹ́yìn ọmọ tí ó kọ òbí rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìtàn.

Nínú agbo ilé àtijọ́, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú arúgbó. Àwọn ìyàwó ilé ni yóò gbé omi gbígbóná fún ìyá àgbà ní òwúrọ̀. Ọmọdé tí a fi tì í ni yóò pọn omi, tí yóò sì máa jẹ́ iṣẹ́ tí ó bá rán an. Àwọn ọkùnrin a gbé iṣu ti oko dé. Ẹni tí ó mọ ewé a se àgbo. Bí arúgbó bá ń ṣarán, tí ó sì jáde ní òru, kò ní í pẹ́ tí ẹlòmíràn nínú ilé yóò fi gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun náà kò sì jókòó lásán: òun ni ó ń ṣọ́ ọmọ ọwọ́, tí ó ń parí ìjà, tí ó sì mọ oríkì ilé. Síbẹ̀, kí a má ṣe pọ́n ayé àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Àwọn obìnrin ni ẹrù náà wúwo lé lórí jù, kò sì sí ẹni tí ó bi wọ́n bí ó bá rẹ̀ wọ́n. Arúgbó obìnrin tí kò bímọ, tí ó sì ń dá sọ̀rọ̀, ni a sì máa ń tètè pè ní àjẹ́.

Kí ni ó tú agbo ilé ká? Ọkọ̀ ojú irin tí ó gbéra ní Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, iṣẹ́ oṣù sì ń pe àwọn ọ̀dọ́ kúrò lóko. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun rere ni, àǹfààní rẹ̀ kò ṣeé kà tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń pọn omi fún ìyá àgbà wọ ilé ìwé lọ. Nígbà tí ó sì jáde ìwé, ìlú ńlá ni ó gbà lọ. Àwọn òbí fúnra wọn ni ó ta koko, tí wọ́n jẹ gbèsè, kí ọmọ lè lọ. Ohun tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ni ó di àìsí ọmọ nílé.

Ìjọba ha gba ipò ọmọ bí? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 1951 wà fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Àgbẹ̀, ahunṣọ àti ìyá ọlọ́jà kò sí nínú rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti 1979 mẹ́nu ba ìtọ́jú ọjọ́ ogbó, ti 1999 sì tún un sọ. Ṣùgbọ́n abala tí ọ̀rọ̀ náà wà kì í ṣe èyí tí ará ìlú lè fi pe ìjọba lẹ́jọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí a kò tíì kọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ ibẹ̀ tán. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé àyíká, ó sì ní kí ẹbí kọ̀ọ̀kan fi ènìyàn kan tẹ̀lé aláìsàn rẹ̀, láti dáná fún un àti láti mú un lọ gba ìtọ́jú. Kì í ṣe nítorí arúgbó ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá: ó ka ẹbí mọ́ iṣẹ́ ìwòsàn, kò fi wọ́n sílẹ̀ láti dá a ṣe.

Ní 1992 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọṣúntókun wà lára wọn, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí arán ṣíṣe pẹ̀lú àwọn ará Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbàlagbà tí ó ti tó ọdún 65, bí 13 tàbí 14 ni àrùn náà ń mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn, nígbà tí ó tó 32 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Nítorí náà, àìsàn ni arán, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe ìpín gbogbo àgbà. Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ kéré lọ́dọ̀ wa, ẹnì kan wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan tí ó kàn, tí kì í sùn mọ́jú.

Ní 2012, a ṣí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà sí ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn yóò padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, sọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ọmọ kan. Ẹni yẹn ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí àwọn ọmọ ìyá pín ọjọ́ láàárín ara wọn. Kí ẹni tí ó wà lókè òkun má rò pé owó nìkan ni ìtọ́jú. Kí nọ́ọ̀sì tí ó bá wọn ìfúnpá baba wọn ti ọmọ tí ó mú un wá pẹ̀lú.

Òwe òkété kò tíì di irọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fún òkété ní ọmú, ẹ jẹ́ kí òun náà rí oúnjẹ jẹ, kí ó sì rí oorun sùn.