Àpótí Onígun Mẹ́jọ

Aago 8:10 àárọ̀. Ọkùnrin kan wọ yàrá iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń tún ohun àtijọ́ ṣe. Ẹrù kan wà láyà rẹ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ó rọra gbé e ka orí tábìlì, ó sún sẹ́yìn. Wọ́n ní kó jókòó. Kò jókòó.

Aago 8:25. Obìnrin tó ni tábìlì náà tú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Àpótí dúdú ni, ó ń dán bí omi kànga lóru. Igun mẹ́jọ ló ní. Òrùka irin wà lápá ọ̀tún, òmíràn wà lápá òsì, okùn pupa tó ti ṣá sì rọ̀ mọ́ wọn. Gíga rẹ̀ jẹ́ 46 sẹ̀ǹtímítà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e díẹ̀ kó lè mọ bó ṣe wúwo tó. Ohun kan yí nínú rẹ̀. Ó kan ara àpótí, ó dákẹ́.

Ọkùnrin náà wo fèrèsé.

Aago 9:05. Ó sọ ohun tó gbé e wá. Bàbá bàbá rẹ̀, atukọ̀ òkun, ló mú àpótí náà bọ̀ láti Japan. Ìyá bàbá rẹ̀ ló sọ fún àwọn ọmọ ilé pé orí èèyàn ni wọ́n ń gbé sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó tẹ ẹsẹ̀ sínú yàrá tí wọ́n gbé e sí. Mámà náà ti kú. Kò sí ẹni tó ṣí i rí.

Kì í ṣe àlọ́ lásán ni mámà yẹn pa. Nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà ní Japan, jagunjagun tó bá pa ẹni ńlá a gé orí rẹ̀, a gbé e wá síwájú ọ̀gá kí wọ́n lè mọ ẹni tó jẹ́. Wọn a fọ orí náà. Wọn a ya irun rẹ̀. Wọn a máa kun eyín òmíràn ní dúdú, nítorí eyín dúdú ni eyín ọlọ́lá. Ohun tí wọ́n ń gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí wà lóòótọ́. Obìnrin náà mọ̀. Kò sọ fún un.

Aago 9:40. Ó fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ara àpótí. Wọ́n fi wúrà ya àwòrán sára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú búrọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ìyẹ̀fun wúrà ni, tí wọ́n gbọ̀n sórí ọ̀dà tútù bí ẹni ń gbọ̀n iyọ̀. Ó rí igi páìnì. Ó rí oparun. Ó rí àmì ewé mẹ́ta nínú òbìrí kan, àmì ilé Tokugawa, àwọn tó ṣàkóso Japan láti 1603 títí di 1868. Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé, ó fi ọwọ́ bò ó.

Aago 10:20. Ní ìdí àpótí, ibì kan ti bó, kò tó èékánná ọmọ titun. Ibẹ̀ ló pẹ́ sí jù. Igi wà nísàlẹ̀. Aṣọ wà lórí igi. Lórí aṣọ, amọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi oje pò. Lórí amọ̀, oje, oje, oje. Urushi ni wọ́n ń pe oje náà. Igi rẹ̀ a dàgbà tó bí ọdún 10 sí 15, wọn a kọ ọ́ lára, a mú nǹkan bí 200 gíráàmù jáde, wọn a sì gé e. Oòrùn kọ́ ló ń mú oje yìí gbẹ, ọ̀rinrin ni. Bó bá ṣì tútù, a máa sọ awọ ara di egbò. Ẹni tí oje èèpo kajú bá ti ta sí lára nílẹ̀ wa mọ iná yẹn. Ẹbí kan náà ni igi méjèèjì.

Aago 11:45. Ó pa gbogbo iná, ó tan iná aláwọ̀ àlùkò. Àpótí náà ṣú dùdù. Ibì kan péré ló mọ́lẹ̀ bí ọsàn: etí ọmọrí, yíká igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Fáníìṣì ni, irú èyí tí wọ́n ń fi oje kòkòrò ilẹ̀ Íńdíà ṣe. Àwọn oníṣẹ́ urushi kì í lò ó. Ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ fi dí àpótí náà lẹ́nu.

Ọkùnrin náà ní mámà àwọn ló máa ń fi fáníìṣì kun àwọn àga ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Aago 12:30. Wọ́n gbé tíì wá. Ó tutù síbẹ̀.

Aago 1:00 ọ̀sán. Obìnrin náà fi òwú wé orí igi tín-ín-rín, ó tì í bọ sípíríìtì. Ó kọ́kọ́ dán an wò ní ìdí àpótí, ó dúró, ó wò bóyá dúdú yóò bá òwú jáde. Kò bá a jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ láti igun kìíní. Bí òwú kan bá ti pọ́n, a jù ú nù, a mú òmíràn.

Aago 2:50. Igun mẹ́rin ti tú. Òwú 38 wà nínú abọ́.

Aago 4:00. Igun kẹjọ tú.

Aago 4:12. Ó di ọmọrí mú lápá méjèèjì, ó fà á sókè díẹ̀díẹ̀. Ó dún fọ́ọ̀. Òórùn aṣọ àtijọ́ jáde. Ọkùnrin náà kò sún mọ́ ọn. Obìnrin náà ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì yọ ohun kan síta.

Ìkarawun ni. Ohun inú òkun kan ló ni ín, èyí tó máa ń ní awẹ́ méjì tó ń pàdé bí ìpéǹpéjú. Awẹ́ kan ṣoṣo ni èyí. Ó yí i padà. Wúrà ni inú rẹ̀. Wọ́n ya ilé kan tí kò lórùlé síbẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan jókòó nínú rẹ̀.

Aago 4:30. “Kì í ṣe orí,” ni obìnrin náà wí.

Eré àtijọ́ ni. Ìkarawun 360 ni wọ́n ń kó jọ, wọn a là wọ́n sí méjì, wọn a ya àwòrán kan náà sínú awẹ́ méjèèjì. Ìdajì a wà nínú àpótí kan, ìdajì a wà nínú èkejì. Eléré a máa wá èyí tó bá èyí mu. Bí igbá àti ọmọrí rẹ̀ ni: kò sí awẹ́ tó lè bá awẹ́ mìíràn dé yàtọ̀ sí èkejì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹrù ìyàwó. Láyé àtijọ́, nígbà tí ọmọ ilé ńlá bá ń lọ sílé ọkọ, àpótí méjèèjì ló máa ń ṣáájú gbogbo ẹrù, àgbà ilé ìyàwó a sì fi wọ́n lé àgbà ilé ọkọ lọ́wọ́. Ní 1639, Tokugawa Iemitsu, tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, fi ọmọ rẹ̀, Chiyohime, fọ́kọ. Oníṣẹ́ urushi kan, Koami Nagashige, ló ṣe ẹrù rẹ̀. Irú àpótí yìí wà lára wọn, wọ́n sì ṣì wà ní Nagoya. Ọdún 1637 ni wọ́n bí ìyàwó náà.

Aago 4:55. Ọkùnrin náà jókòó. Obìnrin náà gbé ìkarawun lé e ní àtẹ́lẹwọ́.

“Èkejì rẹ̀ ńkọ́?”

“Ibi tí àpótí kejì bá wà.”

Aago 5:20. Ó kọ ọ̀rọ̀ sórí páálí kékeré, ó so ó mọ́ okùn pupa: Àpótí ìkarawun, ọ̀kan nínú méjì.