Wíwá Baba Ńlá Ẹni Nínú Ìwé Ikú

 

Ní ọdún 1832, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Macgregor Laird bá àwọn ọkọ̀ eléèéfín méjì, Quorra àti Alburkah, wá sí Odò Ọya. Òyìnbó 48 ni ó lọ. 9 péré ni ó padà sílé láàyè, Laird sì wà nínú wọn. Òun kan náà ni ó pèsè ọkọ̀ Pleiad tí Àjàyí Crowther bá gòkè odò yẹn ní 1854. Ìlú Greenock ní Skọ́tíláǹdì ni a bí i sí ní 1808, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀n, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kú sí ní 1861.

Wàyí o, bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ ìyá tí ó bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, tí ó sì gbé ìwé ikú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ̀ wò, òfo ni yóò bá. Láti ọjọ́ 1 oṣù Júláì 1837 ni ìjọba ti ń kọ ikú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ìwé náà sọ ọjọ́ tí ènìyàn kú, ibi tí ó kú sí, iṣẹ́ rẹ̀, àìsàn tí ó pa á, àti orúkọ ẹni tí ó wá ròyìn fún akọ̀wé. Bí òkú bá jẹ́ àgbà ọkùnrin, kò sí orúkọ baba, kò sí orúkọ ìyá. Àní ibi tí a bí i sí kò sí níbẹ̀ títí di 1969. Ìwé náà sọ ọjọ́ orí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e jù. Òkú kọ́ ni ó sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ tàbí ará ilé ni ó fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ti Skọ́tíláǹdì yàtọ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì 1855 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ níbẹ̀, wọ́n pẹ́ ju àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe é dáradára. Ìwé ikú wọn dárúkọ baba òkú, ó dárúkọ ìyá rẹ̀, ó sì sọ orúkọ ilé baba ìyá náà kí ó tó lọ sílé ọkọ. Èyí wù mí púpọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa pàápàá, obìnrin kì í fi oríkì ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó di aya ẹlòmíràn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ibi tí ènìyàn kú sí ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí a bí i sí. Ẹ jẹ́ kí a fi alágbẹ̀dẹ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó kúrò ní Skọ́tíláǹdì, ó wá ṣiṣẹ́ ní Liverpool, ó gbéyàwó níbẹ̀ ní 1850, ó sì kú síbẹ̀ ní 1870. Kí ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò ṣe?

Ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti rí orúkọ baba rẹ̀ àti iṣẹ́ tí baba náà ń ṣe. Orúkọ ìyá ńkọ́? Láti 1837 títí di 2021, ìwé ìgbéyàwó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní àyè fún ìyá. Ìkànìyàn ìjọba lè ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀. Ní 1841, lẹ́tà S ni wọ́n kọ síwájú ẹni tí a bí ní Skọ́tíláǹdì. Lẹ́tà kan ṣoṣo fún odindi ilẹ̀! Láti 1851 ni wọ́n ti ń bèèrè ibi tí a bí ènìyàn sí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó dáhùn pé “Skọ́tíláǹdì” lásán.

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọn a sáré lọ sínú ìwé ìrìbọmi àtijọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì Skọ́tíláǹdì, wọn a sì gbá orúkọ àkọ́kọ́ tí ó bá ti baba ńlá wọn mu. Ṣùgbọ́n John Campbell pọ̀ níbẹ̀ bí Òjó ti pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa fi baba olóbaba yangàn títí ayé rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n padà sí ìwé ìgbéyàwó náà, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí. Àwọn ìbátan ni ó sábà máa ń ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ẹlẹ́rìí kan bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò alágbẹ̀dẹ yìí, tí ó sì padà sílé, tí ó kú sí Skọ́tíláǹdì lẹ́yìn 1855, ìwé ikú ti ẹni náà yóò dárúkọ baba àti ìyá. Bí orúkọ baba àti iṣẹ́ rẹ̀ bá bá ti ìwé Liverpool mu, ó ṣeé ṣe gan-an pé ìyá kan náà ni. Àwọn ọmọ ìyá tí ó kù nílé ni kí a wá, bí ẹni tí ó re àjò kò bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bí baba fúnra rẹ̀ bá sì kú síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún náà, ìwé tirẹ̀ yóò mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀, àyàfi bí ẹni tí ó ròyìn ikú náà kò bá mọ̀ wọ́n. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan pé kí ni orúkọ ìyá tí ó bí baba ńlá wọn. Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ohun kan kù. Àwọn ará Skọ́tíláǹdì a máa fi orúkọ ilé ìyá sọ ọmọ. Nítorí náà, bí ìwé bá dákẹ́, ẹ tẹ́tí sí orúkọ fúnra rẹ̀. Baba Laird ni William Laird, tí ó dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn sílẹ̀ ní Birkenhead. Orúkọ ìyá rẹ̀, kí ó tó wọ ilé Laird, ni Agnes Macgregor.